Dalibor àti ìwé ìkéde wa

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, a gbọ́ eré olórin kan, kò sì kúrò lọ́kàn wa. Dalibor ni wọ́n ń pè é. Bedřich Smetana, ọmọ ilẹ̀ Tchèque, ló ṣe orin rẹ̀. Wọn kì í sábà ṣe é lẹ́yìn ilẹ̀ wọn. Ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ olórin BBC ṣe é ní gbọ̀ngàn Barbican ní Lọ́ńdọ̀nù, Jiří Bělohlávek ló darí wọn. Kò sí aṣọ eré, kò sí ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi pákó kàn.  Àwo rẹ̀ ni àwa mẹ́ta jókòó gbọ́.

Dalibor pa ìjòyè kan láti gbẹ̀san ọ̀rẹ́ rẹ̀. Milada, arábìnrin òkú náà, wá fẹjọ́ rẹ̀ sun ọba. Kí ẹjọ́ tó parí, ìfẹ́ Dalibor ti wọ̀ ọ́ lára. (Obìnrin yìí yára o!) Ó múra bí ọkùnrin, ó wọ inú ẹ̀wọ̀n, ó gbé gòjé lọ fún un.

Ṣùgbọ́n èdè ló dá wa dúró. Èdè Jámánì ni Josef Wenzig fi kọ ọ̀rọ̀ eré náà. Ervín Špindler ló tú u sí Tchèque, ó sì ní láti bá ìwọ̀n ti Jámánì mu. Bẹ́ẹ̀, Tchèque kì í tẹnu mọ́ ibòmíràn ju ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ rántí àwọn orin ìsìn wa tí a fi ohùn òyìnbó kọ, tí ọkọ̀ ń di ọkọ́ lẹ́nu wa.

Smetana fúnra rẹ̀, Jámánì ni wọ́n fi kọ́ ọ nílé ìwé, torí abẹ́ ìjọba Austria ni wọ́n wà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó máa fi Tchèque kọ lẹ́tà, ó sì ń tọrọ àforíjì fún àṣìṣe rẹ̀.

A wo ara wa lójú. Ọ̀kan wá láti Kétu, ọ̀kan láti Ṣábẹ, ọ̀kan láti Àjàṣẹ́. Faransé ni wọ́n fi kọ́ gbogbo wa. Lọ́dún tó kọjá, bàbá ọ̀kan nínú wa ṣaláìsí, wọ́n ní kí a kọ ìwé ìkéde òkú ní Yorùbá. Ṣebí àwa la ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè! Faransé la kọ́kọ́ kọ, a wá tú u. Nígbà tí a kà á níwájú ẹbí, ìyá àgbà kan ní: «Ta ló ń sọ̀rọ̀ yìí?»

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ wa. Nígbà tí orin parí, a mú bébà tuntun, a bi ìyá àgbà náà bí òun ì bá ti sọ ọ́, a sì ń kọ ọ́ bó ṣe ń sọ.