Olùkọ́ Tí A Kò Pè Ní Ẹni Mímọ́

Ní Àtàn-Ọ̀tà, bí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú bá ti ń mọ́, agogo ìjọ Áńgílíkà wa ló máa ń kọ́kọ́ dún, kí ìlù àwọn aláṣọ funfun tó gbà á lẹ́nu ẹ̀. Títì tó gba Lusada lọ sí Àgbárá kì í sinmi ní tiẹ̀. Bí ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ń kọjá ni àwọn tó ṣiṣẹ́ alẹ́ ní iléeṣẹ́ ń darí bọ̀, oorun kún ojú wọn.

Ní Sọ́ńdè Mẹ́talọ́kan tó kọjá, èmi ni mo darí kíláàsì Bíbélì. Mo bi wọ́n pé ta ló kọ́kọ́ fi Látìn pe Ọlọ́run ní Mẹ́talọ́kan. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Mo ní Tertullian ni, ará Carthage, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Tùnísíà lónìí, ọmọ Áfíríkà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo wá sọ ibi tí ọkùnrin náà gbà lọ ni gbogbo ilé dákẹ́.

Nǹkan bí ọdún 155 ni wọ́n bí i. Ó gbọ́n, ó mọ ẹjọ́ rò, ìwé rẹ̀ tó kù sílẹ̀ lé ní ọgbọ̀n. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 207, ọkàn rẹ̀ fà sí àwọn wòlíì kan tí ẹgbẹ́ wọn ti Fíríjíà, ní Tọ́kì òde òní, bẹ̀rẹ̀: Montanus, àti obìnrin méjì, Priscilla àti Maximilla. Ẹ̀mí máa ń gùn wọ́n, wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀, ààwẹ̀ wọn sì le ju ti ìjọ lọ. Tertullian gba tiwọn gbọ́, ló bá yí ẹnu sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù. Ẹnu ọ̀hún mú bí abẹ. Ó ní kí opó má lọ́kọ mọ́. Ó ní bíṣọ́ọ̀bù kò láṣẹ láti dárí panṣágà ji ẹni tó ti ṣèrìbọmi. Kí n má purọ́, n kò ní fẹ́ kó jẹ́ aládùúgbò mi.

Ibi tó ta kókó nìyí: ẹ̀yìn ìgbà tó ti bá àwọn wòlíì rìn ló kọ ìwé tó fi dá Praxeas, ẹni tó ní Baba náà ni Ọmọ, lóhùn, níbi tó ti ṣàlàyé Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí, ẹni mẹ́ta tí ìwà wọn jẹ́ ọ̀kan. Kódà, ara ẹ̀sùn tó fi kan Praxeas ni pé òun ló yí bíṣọ́ọ̀bù Róòmù lọ́kàn padà kúrò lọ́dọ̀ àwọn wòlíì náà. Ìjọ gba ọ̀rọ̀, ó fi ọlọ́rọ̀ sílẹ̀. Jerome, òǹkọ̀wé ìjọ àtijọ́, sọ pé kò sí ọjọ́ tí Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage tí wọ́n bẹ́ lórí ní 258, kì í ka ìwé Tertullian, olùkọ́ ló sì ń pè é. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí Cyprian fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, kò dárúkọ olùkọ́ yìí. Títí dòní, kò sẹ́ni tó pè é ní ẹni mímọ́. Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún yìn ín lọ́jọ́ 30 oṣù Karùn-ún 2007, ó sì ní àìnírẹ̀lẹ̀ ló bà á jẹ́.

Àgbà kan nínú kíláàsì wa ní kí a yáa fi í sílẹ̀, nígbà tó ti lè tọ wòlíì lọ. Ìjẹ̀bú-Òde ló sọ sí mi lọ́kàn. Ní 1918, nígbà tí àrùn ọ̀fìnkìn ń pa ayé run, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's kóra jọ máa gbàdúrà. Joseph Shadare wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Sophia Odunlami, tíṣà obìnrin tó gba ìṣípayá. Nígbà tó di 1922, wọ́n ti jáde kúrò ní ìjọ, nítorí wọn kò fẹ́ kí a máa ṣèrìbọmi fọ́mọ ọwọ́, wọn kò sì fẹ́ oògùn. Bẹ́ẹ̀, kí Tertullian tó tọ àwọn wòlíì lọ ló ti béèrè nínú ìwé rẹ̀ lórí ìrìbọmi pé kí la ń kánjú gbé ọmọdé lọ sínú omi fún. Lónìí, àwa Áńgílíkà Àtàn ń ṣe ìṣọ́ òru, à ń gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ púpọ̀, à ń pàtẹ́wọ́ kọrin títí ilẹ̀kùn fi ń gbọ̀n. Ọ̀dọ̀ ta la ti kọ́ ọ? N kò bi àgbà náà.

Nígbà tí mo délé, mo bá ìyá aríran tí a jọ ń gbé ọgbà kan nídìí báàfù aṣọ. Kérúbù àti Séráfù ni wọ́n ń lọ. Mo sọ fún wọn pé Tertullian kọ nípa obìnrin kan nínú ìjọ rẹ̀ tó máa ń ríran bí ìsìn bá ń lọ lọ́wọ́. Bí èrò bá túká tán, yóò sọ ọ́ fáwọn àgbà, wọn yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Lọ́jọ́ kan, ó ní òun rí ọkàn ènìyàn, ó ní ìrísí, ó sì ń tàn.

“Bí tiwa náà nìyẹn,” Màmá ní. “Akọ̀wé ìran á jókòó tì wá, á máa kọ ọ́.” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Kí lorúkọ obìnrin náà, Tíṣà?”

Mo ní Tertullian kò kọ ọ́.

“Háà! Ó kọ ìran, kò kọ aríran.” Wọ́n fa sùtánà tó kù yọ nínú báàfù, wọ́n fún omi rẹ̀, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n sì sá a sórí okùn.