Clonmel, Ìlú Tí Akirità Ti Di Méyọ̀

Ìlú kan wà ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Írẹ́lándì tí ìtàn rẹ̀ yẹ kí ọlọ́jà gbọ́. Clonmel ni orúkọ rẹ̀, ní ẹkùn Tipperary, létí odò Suir. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè wọn ni "pápá oyin".

Ìlú olódi ni láyé àtijọ́. Ní 1650, Oliver Cromwell, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, kó ogun dó tì í. Ó pàdánù ju ẹgbẹ̀rún ọmọ ogun lọ níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀tù tán nínú ìlú, Hugh Dubh O'Neill kó àwọn jagunjagun rẹ̀ jáde lóru. Méyọ̀ sì bá Cromwell ṣe àdéhùn pé kò ní í fọwọ́ kan ará ìlú. Ẹ̀yìn àdéhùn ni Cromwell tó mọ̀ pé O'Neill ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Inú bí i, ṣùgbọ́n kò yẹ àdéhùn.

Odò ni ó sọ Clonmel di ìlú ọjà. Àwọn àgbẹ̀ ń kó ọkà wá, wọ́n ń lọ̀ ọ́ ní ìyẹ̀fun, ọkọ̀ sì ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Carrick. Bí ọkọ̀ bá ń padà bọ̀, ẹṣin ni ń fi okùn fà á létí omi. Ṣùgbọ́n ẹni tí oko rẹ̀ jìnnà sódò ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi í ríran. Ti Charles Bianconi kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ítálì ni, a bí i ní 1786. Ó fẹsẹ̀ kiri Írẹ́lándì, ó ń ta àwòrán, ó sì rí i pé ọkọ̀ wọ́n ju agbára mẹ̀kúnnù lọ. Nígbà tí ogun Napoleon parí ní 1815, ẹṣin di ọ̀pọ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún náà, kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ àkọ́kọ́ gbéra láti Clonmel lọ sí Cahir, nǹkan bíi máìlì 10.

Èrò kò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ni ó bá dọ́gbọ́n gbé kẹ̀kẹ́ kejì jáde, bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni, kí ó máa bá tirẹ̀ díje. Ariwo ta, èrò sì ya wá. Ní 1843, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń rin ju máìlì 3,000 lọ lójúmọ́. Ó ní àgbẹ̀ tí ń fi ọjọ́ mẹ́ta ná ọjà kan, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún títà, ọ̀kan fún àbọ̀, ti jèrè ọjọ́ méjì. Ẹ̀yin ọlọ́jà mọ iye tí ọjọ́ méjì jẹ́! Ní 1844, wọ́n fi akirità àná jẹ méyọ̀ Clonmel. Nígbà tí rélùwéè dé, kò bá a jà. Ó di ọ̀kan nínú àwọn onípìn-ín.

Ẹni tí ó bá dé Clonmel lónìí yóò rí West Gate, ẹnubodè tí wọ́n kọ́ ní 1831 sí ojú ibi ti àtijọ́, àti Main Guard, ilé ẹjọ́ ayé ọjọ́un. Ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà fa ọkọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ti tún un ṣe, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn ín tàbí kí ó gun kẹ̀kẹ́ dé Carrick, nǹkan bíi kìlómítà 21.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ: ẹni tí ó mú ọjà súnmọ́ ará oko, òun náà kì í pàdánù.