Ohun Tí Kọ̀ǹpútà Wa Ń Wí Ní Àràárọ̀

Ìtìjú díẹ̀ wà nínú ohun tí a fẹ́ sọ yìí, ṣùgbọ́n ó di dandan kí a sọ ọ́. Ìdí rẹ̀ yóò hàn síi yín bí ẹ bá kà á dé òpin.

Ní ọdún 2013 ni a ra kọ̀ǹpútà alágbèéletán kan fún iṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọ wa ní Igbó-Ọrà níbí. Tókúnbọ̀ ni. Inú rẹ̀ ni a ń kọ ìwàásù sí, àti ìkéde ọjọ́ Ìsinmi, àti ìwé ẹ̀rí fún àwọn ọmọ tí a ti yà sí mímọ́ fún Olúwa. Iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn ní ìlú wa. Bí ẹ bá dúró láàárín ọjà tí ẹ pe "Ìyá Ìbejì" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ó ríi iye orí tí yóò yíjú síi yín.

Ní ọdún 2020, ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀. Bí a bá tan kọ̀ǹpútà náà ní òwúrọ̀, kí Windows tó yọjú rárá, ojú rẹ̀ yóò ṣókùnkùn, yóò sì kọ ọ́ ní lẹ́tà funfun pé Time-of-day not set. Ìtumọ̀ èyí ni pé òun kò mọ ọjọ́, òun kò sì mọ aago mọ́. Yóò ní kí a tẹ F1 bí a bá fẹ́ máa bá iṣẹ́ wa lọ, tàbí kí a tẹ F2 bí a bá fẹ́ tún un ṣe. F1 ni a ń tẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni a fi tẹ F1. Ọba inú ìwé Dáníẹ́lì orí 5 kò lè ka ohun tí a kọ sára ògiri, ẹ̀rù sì bà á. Àwa lè ka tiwa, ẹ̀rù kò sì bà wá.

Kì í ṣe pé a kò wá ìwòsàn. Ohun tó dà wá lójú rú ni pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ó ń ṣe é. Ó lè dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Arákùnrin kan ní ọwọ́ ọ̀tá wà níbẹ̀. A kò bá a jiyàn, a gbàdúrà. Ẹlòmíràn ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ní ọdún 2021, a gbé e fún alátùn-únṣe kan, ó nu gbogbo inú rẹ̀ mọ́, ó fi Windows tuntun sí i. A sanwó. Ìwàásù wa àtẹ̀yìnwá bá a lọ, nítorí a kò ṣe ẹ̀dà wọn síbòmíràn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ funfun náà padà wá.

Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2023, Ìyá Ìbejì kan nínú ìjọ wa wá bá wa. Ọdún 2015 ni ó bí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì, àwa ni a sì gbé wọn sókè níwájú pẹpẹ. Ó ní ọ́fíìsì kan ń béèrè ìwé láti ọ̀dọ̀ ìjọ, pé kí wọn fi mọ́ àwọn ìwé yòókù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a jókòó, a tẹ F1, a tẹ ìwé náà jáde. Kọ̀ǹpútà ni ó máa ń fi ọjọ́ sí orí ìwé fúnra rẹ̀. A buwọ́ lù ú, a lu òǹtẹ̀ ìjọ, a gbàdúrà sí i.

Ní ọjọ́ kẹta, baba àwọn ọmọ náà ni ó wá. Kò jókòó. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo ohun tí ẹ kọ fún wa." Lókè ìwé náà ni a rí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009. A ti jẹ́rìí sí ọmọ méjì ní ọdún mẹ́fà ṣáájú kí ìyá wọn tó bí wọn! Akọ̀wé ibẹ̀ kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀rín, ó béèrè bóyá wòlíì ni pásítọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Níwájú èrò ni ó ti bi ọkùnrin náà pé níbo ni ó ti ra ayédèrú. Ọkùnrin yìí ni ó ń ka owó ìdámẹ́wàá ìjọ wa, ènìyàn tí kò lè mú náírà kan tí kì í ṣe tirẹ̀. A kò lè wo ojú rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni ìyàwó wa jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí ó yẹ inú rẹ̀ wò. Ó rí ìwé mọ́kànlá mìíràn tí a ti fún àwọn ènìyàn, tí ọdún 2009 wà lára wọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ, tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní ìlú wa, ni Ọlọ́run lò. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó kàn ní kí a mú ìwé, kí a sì kọ àwọn òwúrọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà yọ fún ọ̀sẹ̀ kan. A kọ ọ́. Nígbà tí ó wò ó, ó béèrè pé, "Dádì, ǹjẹ́ iná wà ní òru ọjọ́ Túsìdeè?" Kò sí. Ọjọ́ Fúráìdeè ńkọ́? Kò sí. Gbogbo òwúrọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà yọ ni ó tẹ̀lé òru tí wọ́n mú iná lọ.

Ó wá ṣàlàyé. Aago kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà, tí kò gbọdọ̀ dúró bí a tilẹ̀ pa ẹ̀rọ náà. Òkúta kírísítà kan ni ó ń gbọ̀n fún un ní ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni ó fi ń ka àkókò. Bí iná bá wà, iná ni ó ń bọ́ ọ. Bí kò bá sí, bátìrì ńlá ni. Ṣùgbọ́n bátìrì ńlá tiwa ti kú tipẹ́, ara ògiri ni a ti ń lo ẹ̀rọ náà. Ó wá ku bátìrì kékeré kan, pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ, tí agbára rẹ̀ jẹ́ fóòtì 3. CR2032 ni orúkọ rẹ̀: 20 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, 32 sì ń sọ pé ó nípọn ní mìlímítà 3.2. Èyí náà ti kú. Nítorí náà, bí iná bá ti lọ, aago á gbàgbé ohun gbogbo, á padà sí ọjọ́ tí àwọn tó ṣe é kọ sínú rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí Windows tuntun kò fi ràn wá lọ́wọ́. Kí Windows tó jí ni ọ̀rọ̀ náà ti ń yọ. Ẹni tó ń sùn kò lè jẹ̀bi ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ó tó jí. Ìdí rẹ̀ náà nìyẹn tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń ṣe agídí fún wa láwọn ọjọ́ kan. Ìwé ẹ̀rí ààbò tí àwọn ojúlé ibẹ̀ ń fi hàn ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó gbà pé ọdún 2009 ni a wà yóò ní kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà PC rẹ̀ jáde ní ọdún 1981, ẹni tó ń lò ó ni ó ń sọ ọjọ́ fún un nígbàkúùgbà tó bá tàn án. Ní ọdún 1984 ni wọ́n fi aago oníbátìrì sínú èyí tí wọ́n pè ní AT. (Ní ọdún 1999, nígbà tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù pé kọ̀ǹpútà yóò ka ọdún 2000 sí 1900, àwa pàápàá wàásù lé e lórí kíkankíkan. A kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí nígbà náà.)

Bátìrì náà kò tó owó búrẹ́dì ńlá kan. Síbẹ̀, àṣìṣe kan tún wà: lásán ni a ra àkọ́kọ́, nítorí èyí tó wà nínú tiwa ní wáyà méjì, pupa àti dúdú. Ẹnìkan ní kí a jó wáyà náà mọ́ ọn, ọ̀dọ́mọkùnrin wa kọ̀, ó ní bátìrì irú èyí lè bú bí iná bá kàn án. Ìbàdàn ni ó ti bá wa rí èyí tó ní wáyà. Ó yọ wáyà iná, ó yọ bátìrì ńlá, ó ṣí abẹ́ ẹ̀rọ, ó pààrọ̀ rẹ̀. A tàn án, ọ̀rọ̀ funfun náà tún yọ! Àyà wa já. Ó ní ó gbọ́dọ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan síi, nítorí a kò tíì sọ ọjọ́ fún aago náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, a tẹ F2. Òru ọjọ́ kejì, iná kò sí. Ilẹ̀ mọ́, a tan ẹ̀rọ náà, kò wí nǹkan kan.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ o. Orí tábìlì ni a gbé òkú bátìrì náà sí, ọmọ-ọmọ wa sì ti ń mú un lọ sẹ́nu kí a tó gbà á. Bí ọmọdé bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun láàárín wákàtí méjì, àní bí bátìrì náà kò bá ní agbára tó láti lo ẹ̀rọ mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbà lójú ẹsẹ̀.

Àwa fúnra wa ni a bá baba àwọn ìbejì padà lọ sí ọ́fíìsì náà, pẹ̀lú ìwé tuntun àti ìwé àkọsílẹ̀ ọdún 2015 tí a fi bírò kọ. A sọ ẹ̀bi wa níwájú èrò bíi ti àkọ́kọ́. Akọ̀wé náà bẹ ọkùnrin náà, ó sì gba ìwé rẹ̀.

Nínú àwọn mọ́kànlá, a ti pààrọ̀ mẹ́sàn-án. Àwọn tí a kọ kí alátùn-únṣe tó nu kọ̀ǹpútà wa mọ́, a kò mọ iye wọn, a kò sì ní ẹ̀dà wọn. Bí ìwé kan láti ọ̀dọ̀ wa bá wà nílé yín tí ọdún 2009 wà lókè rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe mú un lọ síbìkan. Ẹ mú un wá bá wa.