Trinity, Ẹ̀wà àti Ilẹ̀ Onílẹ̀

Àwa tí a ṣèwe láàárín 1970 sí 1980, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fáwọn ọmọ wa: àkítọ̀ kì í kú nínú fíìmù kábọ́ì. Òfin ni. Bí ogún ọkùnrin bá yìnbọn lù ú, ọkàn wa balẹ̀. Bọ́ọ̀sì, olórí àwọn ìkà, ni ká máa bá kẹ́dùn.

Èyí tí a fẹ́ràn jù nínú àwọn kábọ́ì wọ̀nyẹn kò tilẹ̀ fẹ́ràn iṣẹ́. Trinity ni. Ṣé ẹ rántí bó ṣe wọlé? Ó nà gbalaja sórí igi tí ẹṣin ń wọ́ nílẹ̀, eruku bò ó látòkè délẹ̀. Ó dé ilé oúnjẹ, ó gba odidi páànù ẹ̀wà kan, ó fi búrẹ́dì nù ún tónítóní. Gbogbo ilé sinimá hó yèè! Ẹ̀wà àti búrẹ́dì! Ara wa ni ọ̀gbẹ́ni yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Pen Cinema sí afárá l'Ágége, ilé sinimá gidi ni nígbà kan. Àwọn ará Ìbàdàn ní Scala. Bẹ́ǹṣì líle, ooru, èéfín sìgá, gúgúrú àtẹ̀pà nínú bébà. Bí fíìmù bá já, a ó súfèé, a ó lu bẹ́ǹṣì, a ó pe ẹni tó ń yí ẹ̀rọ lórúkọ tí ìyá rẹ̀ kò sọ ọ́. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀, ó ti lè fo ibi tó dùn jù. Kò burú, ẹni tó ti wò ó rí yóò sọ èyí tó fò fún wa, yóò sì fi iyọ̀ sí i.

Àwọn ará Ítálì ló ṣe fíìmù Trinity yìí ní 1970. Enzo Barboni darí rẹ̀, ṣùgbọ́n E. B. Clucher ló kọ síbẹ̀, kó lè dún bí orúkọ ará Amẹ́ríkà. Terence Hill, tó ṣe Trinity, Mario Girotti lorúkọ rẹ̀, ọmọ Venice. Bud Spencer, tó ṣe Bambino arákùnrin rẹ̀, Carlo Pedersoli ni, òmùwẹ̀ tó ṣojú Ítálì ní Olympics. Owó tí wọ́n fi ń ṣe irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Hollywood. Ẹnu àkítọ̀ á ti pa dé, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì á ṣì máa jáde. Kí ló kàn wá? Ẹ̀ṣẹ́ Bambino kò nílò ògbufọ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló sì wà nídìí eré náà. Mejọ Harriman ní ẹṣin rẹpẹtẹ, ó ń wá koríko fún wọn. Àfonífojì tó wọ̀ ọ́ lójú, àwọn onígbàgbọ́ Mormon ti tẹ̀dó síbẹ̀, wọn kì í gbébọn, wọn kì í jà. Ló bá ń rán jàǹdùkú sí wọn, kí wọ́n lè kó ẹrù wọn lọ.

Ta ní fẹ́ túmọ̀ ìyẹn fún wa? Àwa tí a rí ọmọ onílẹ̀ tó gbowó ìpìlẹ̀, tó gbowó òrùlé, tó tún ta ilẹ̀ kan náà fún ẹlòmíì! Àwa tí bàbá wa fi irun dúdú bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ kan, tó fi irun funfun parí rẹ̀! Ní 1978, ìjọba ológun ṣòfin tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Ajàgùngbalẹ̀ kò torí ẹ̀ sinmi.

Nínú fíìmù náà, Bambino so ìràwọ̀ ṣẹ́rífù mọ́yà, ayédèrú ni. Ẹṣin Harriman ló fẹ́ jí. Olè ni, a mọ̀, a sì ń pàtẹ́wọ́ fún un! Trinity ló fà á wọ ọ̀rọ̀ àwọn Mormon, torí ọmọbìnrin méjì kan láàárín wọn. Trinity àti Bambino kọ́ àwọn onígbàgbọ́ náà bí a ṣe ń kan ẹ̀ṣẹ́. Nígbà tíjà dé, kò síbọn níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ ló kù. A dìde lórí bẹ́ǹṣì, a bá wọn jà á. A tún jà á délé, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ṣe Harriman.

Trinity kò gba ẹsẹ̀ bàtà kan nínú ilẹ̀ náà. Olórí ìjọ ní kó dúró, kí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́. Bí ó ti gbọ́ iṣẹ́, ó sá! A rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Nísinsìnyí tí àwa náà ti ń fa ìwé ilẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́, a rí ohun tí a kò rí nígbà náà. Ẹni tẹ́ṣin rẹ̀ pọ̀ jù ni ilẹ̀ kò tó. Ẹni tó lágbára láti gbà á ló bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ wá fíìmù náà lórí fóònù yín. Bẹ́ ẹ bá débi ìjà, ẹ pè wá. Bẹ́ ẹ bá sì dépò agbára, tí ilẹ̀ aláìní bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ yín lójú, ẹ bá tiyín lọ. A ò fẹ́ Harriman kankan nínú ìdílé wa.