Ọjọ́ Tí Mo Sẹ́ Èdè Bàbá Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ilà àbàjà ni bàbá mi kọ sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá rí mi láti òkèèrè ti mọ ibi tí mo ti wá kí n tó lanu. Mo fi èyí ṣíwájú ọ̀rọ̀ nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, bí kò bá ṣe ti ilà ojú yìí ni, ǹ bá ti fi í pamọ́ títí ọjọ́ ikú mi. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Síbẹ̀, bí oṣù Kẹwàá bá ti dé, tí mo gbọ́ pé àwọn ọmọ ń sáré ìwé ìgbaniwọlé sókè sódò, ara mi kì í balẹ̀.

Ìlú Libreville, olú-ìlú Gabon, ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún 1994. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni bàbá mi, ọmọ Kétu ni ìyá mi. Ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé ìyá mi ni mo ti gbọ́ Faransé, ilé-ìwé tí bàbá mi fi mí sí ni mo ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àbúrò ìyá mi ọkùnrin, tó ń ta aṣọ ní Libreville, ránṣẹ́ pè mí, èdè méjèèjì yìí ni ẹrù tí mo dì lọ, àwọn náà ló sì fún mi ní iṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìlú náà ń wá ẹni tí yóò máa túmọ̀ ìwé-ẹ̀rí àwọn ọmọ tó ti orílẹ̀-èdè elédè Gẹ̀ẹ́sì wá. Wọ́n gbà mí sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀. N kò ní í dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Iyọ̀ wọn ni mo jẹ, ẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí kò sì sí lọ́rùn wọn.

Ẹni tó bá ń ka ìwé yìí ní Ìbàdàn tàbí ní Ìkòròdú lè máa rò pé bí ti JAMB ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1978 ni ìjọba Nàìjíríà dá JAMB sílẹ̀, kí ẹnu ọ̀nà gbogbo yunifásítì lè di ẹyọ kan. Ní Gabon, ìlànà tí àwọn Faransé fi sílẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé: ẹni tó bá ti yege nínú ìdánwò bakaloréà, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní “bac”, ti di kọ́kọ́rọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga mú. Yunifásítì tó dàgbà jù níbẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1970, tó sì wá ń jẹ́ orúkọ Ààrẹ Omar Bongo láti 1978, kò sí òbí tí kì í retí pé ọmọ òun tó gba bac yóò bá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní ṣíṣí. Nítorí náà, iṣẹ́ wa kọ́ ni láti yan ẹni tó mọ̀wé jù. Iṣẹ́ wa ni láti wò bóyá ìwé pé. Ìwé pé, ọmọ wọlé. Ìwé kò pé, ọmọ dúró síta, bó tilẹ̀ gbọ́n bí Ọ̀rúnmìlà.

Ẹ jẹ́ n sọ bí àsìkò náà ṣe máa ń rí. Láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án, òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ ní Libreville. Ojú ọ̀run yóò kàn ṣú lásán ni, bí ẹni tó ń bínú tí kò sọ̀rọ̀. Ìgbà tí àwọn ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fáìlì wá ni òjò náà yóò bẹ̀rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn yóò ti tò sórí ìlà láti ẹnu ọ̀nà wa dé ojú títì, olúkúlùkù fi ọ̀rá wé fáìlì rẹ̀ bí ẹni wé ọmọ tuntun. Fótókọ́pì bac, èsì ìdánwò, ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí, ìwé dókítà, fọ́tò pélébé. Bí òjò bá kan òǹtẹ̀ orí ọ̀kan nínú wọn tí dúdú rẹ̀ sì yọ́, a jẹ́ pé onítọ̀hún yóò padà sí ibi tó ti gba ìwé náà, ìlà mìíràn sì ń dúró dè é níbẹ̀.

Orúkọ ni ibi tí mo ti wúlò jù. Akọ̀wé tó kọ orúkọ Yorùbá sílẹ̀ ní Benin, etí Faransé ló fi gbọ́ ọ. Adéṣínà tí ẹ̀yin mọ̀, “Adéchina” ni yóò kọ. Bí ọmọ náà bá wá ní ìwé mìíràn tí wọ́n fún un ní Nàìjíríà, “Adesina” ni yóò wà níbẹ̀. Àwọn akẹgbẹ́ mi yóò ní ènìyàn méjì nìyẹn, ẹnìkan ti jí ìwé ẹlòmíràn. Èmi yóò dìde, n óò ṣàlàyé pé ẹnìkan ṣoṣo ni, pé ohùn kan náà ni “ch” àti “s” tó ní àmì nísàlẹ̀ ń dún. Ọ̀gá wa, obìnrin Fang láti Oyem, yóò wò mí lójú, yóò sì ní: “Ṣé o fi orí rẹ dúró?” N óò ní mo fi dúró. Inú mi máa ń dùn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kà á sí pé mo ṣe ìran mi lóore.

Ṣùgbọ́n ọdún 1994 kì í ṣe ọdún tí àlejò ń yan fanda ní Gabon. Ní oṣù Kìíní ọdún náà ni wọ́n gé iye owó sẹ́fà sí méjì. Àádọ́ta sẹ́fà tó ń ra owó fráǹkì Faransé kan di ọgọ́rùn-ún lójijì, gbogbo ọjà tó ń ti òkè òkun wá sì gbẹ́nu sókè. Ìdìbò ààrẹ oṣù Kejìlá 1993 ti dá wàhálà sílẹ̀ nígboro. Bí ìyà bá sì ti ń jẹ onílé, àlejò ni yóò kọ́kọ́ wò. Kí ọdún tó parí, ìjọba gbé òfin jáde pé kí gbogbo àlejò lọ san owó gba ìwé ìgbélùú, pé ẹni tí kò bá ní in yóò kó ẹrù rẹ̀. Nínú ọ́fíìsì wa, wọ́n ní kí a má ṣe gba fáìlì ọmọ àlejò kankan tí kò bá ní ìwé náà, tàbí ó kéré tán rìsíìtì pé ó ti sanwó.

Èmi fúnra mi, rìsíìtì lásán ló wà lápò mi. Wọn kò tíì fún mi ní ìwé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ mi ní òròòru. Bí ọmọ Yorùbá bá dé ẹnu káńtà, tó rí ilà ojú mi, tó sì kí mi pé “Ẹ kú iṣẹ́ o”, n óò kàn mi orí ni. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má baà sọ pé àwọn èèyàn mi ni mò ń kó wọlé.

Ọjọ́ Ẹtì tí a óò ti ìlẹ̀kùn ìgbaniwọlé ni obìnrin náà dé. Ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ó ró ìró àńkárá tí òjò ti rẹ títí dé orúnkún, ṣùgbọ́n fáìlì tó wà lábíyá rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú. Bó ti gbójú sókè tó rí mi, ojú rẹ̀ là. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní:

“Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọmọ mi ló ni fáìlì yìí, ibà ló dá a dúbúlẹ̀. Olúwa ló ní kí n bá yín níbí.”

Mo ṣí fáìlì náà. Mo rí bac. Mo rí ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí: Libreville ni wọ́n bí ọmọ náà sí, lọ́dún 1976, ṣùgbọ́n ọmọ Benin ni wọ́n kọ sí i lọ́rùn, nítorí bàbá rẹ̀. N kò rí ìwé ìgbélùú. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí àga ọ̀gá wa dún.

Mo fi Faransé sọ fún ìyá náà pé ìwé ìgbélùú kò sí níbẹ̀.

Ó ní: “Ó wà níbẹ̀, ọmọ mi. Ẹ wo ẹ̀yìn…”

N kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀. Mo gbé ohùn sókè, mo ní: “Ìyáàfin, ẹ sọ Faransé. N kò gbọ́ èdè tí ẹ ń sọ.”

Ọ̀gá wa bi mí léèrè láti ẹ̀yìn: “Ṣé o mọ̀ ọ́n ni?” Mo ní n kò mọ̀ ọ́n rí. Òtítọ́ nìyẹn. Ó tún ní: “Èdè wo ló ń sọ?” Mo ní n kò mọ̀.

Ìyá náà kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi. Ó kàn tẹjú mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ọ̀tún, ó wo tòsì, bí ẹni tó ń ka ìwé. Lẹ́yìn náà ló yí sí àwọn tó wà lórí ìlà, tí kò sí ẹni tó gbọ́ ọ nínú wọn, ó sì ń fi Yorùbá Ṣakí rẹ̀ sọ ọ́ jẹ́jẹ́: “Ìwé ni wọ́n fi gba ọkọ mi lọ́wọ́ mi nílùú yìí lọ́dún 1978. Ìwé náà ni wọ́n tún fẹ́ fi gba ti ọmọ mi.” Ó jáde sínú òjò. Kò gbé fáìlì rẹ̀. Mo jù ú sórí òkìtì àwọn tí kò pé, mo ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀.

Mo mọ ohun tó ń sọ nípa 1978. Gbogbo ará Kétu tó ti gbé Gabon rí ló mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kìíní 1977, àwọn ọmọ-ogun aláàgbàṣe tí Bob Denard kó sòdí balẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú Kútọnu láti lé Mathieu Kérékou kúrò lórí àlééfà. Wọn kò rí i ṣe. Kérékou ní Gabon lọ́wọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà láàárín òun àti Bongo, ó sì bẹ́ síta níbi ìpàdé àwọn olórí Áfíríkà ní Khartoum ní oṣù Keje 1978. Oṣù yẹn gan-an ni Bongo ní kí àwọn ọmọ Benin kúrò nílùú òun. Àwọn tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ òfuurufú padà sílé tó bí 10,000, wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀. Ẹni tó ní ìwé Nàìjíríà dúró, ẹni tó ní ti Benin lọ, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń sùn lórí ibùsùn kan. Ọmọ tí a ń wí yìí jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà náà. Bàbá tó tìtorí rẹ̀ di ọmọ Benin, bóyá ni yóò lè rántí ojú rẹ̀.

N kò sùn ní òru ọjọ́ Ẹtì yẹn, n kò sì sọ fún àbúrò ìyá mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo dé ọ́fíìsì ṣáájú gbogbo ènìyàn, mo wá fáìlì náà jáde. Mo yí ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí padà. Rìsíìtì ìwé ìgbélùú wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi píìnì há a mọ́ ọn, òǹtẹ̀ orí rẹ̀ sì hàn ketekete. “Ẹ wo ẹ̀yìn.” Ibẹ̀ ló ní kí n wò. Ó sọ ọ́ ní èdè tí mo gbọ́ jù lọ láyé mi.

Nígbà tí ọ̀gá wa dé, mo gbé e síwájú rẹ̀. Mo jẹ́wọ́ pé fáìlì náà pé láti ọjọ́ Ẹtì, èmi ni n kò wò ó dáadáa. Mo tún ní mo purọ́ fún un, pé èdè bàbá mi ni obìnrin náà ń sọ. Ó ń wá bírò rẹ̀, kò gbójú sókè.

Ó ní: “Mo mọ̀. Ta ni kò ní mọ̀?” Ó sì fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó kọ ọjọ́ Ẹtì sí i, nítorí ọjọ́ náà ló dé lóòótọ́, ó sì tẹ òǹtẹ̀ lé e. Kí ẹ má baà máa dààmú: ọmọ náà wọlé. Ó ń lọ sí kíláàsì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1995, nígbà tí òfin tuntun náà dé ojú ọ̀gbagadè, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò kó ẹrù jáde ní Gabon, tí àbúrò ìyá mi sì wà lára wọn. Èmi pẹ́ díẹ̀ sí i kí n tó wá sílé.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn kò tíì tán. Mo gba ìwé pé wọ́n ti gba fáìlì náà, mo wọ takisí lọ sí Mont-Bouët, ọjà tó tóbi jù ní Libreville. Mo ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣọ: ìyá kan láti Ṣakí, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bac. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ó ti ń fún wọn ní bisikíìtì jẹ láti oṣù Keje nítorí bac náà. Wọ́n júwe rẹ̀ fún mi.

Ó jókòó ti aṣọ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ ọjà náà, pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ mi. Mo ní: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ìyá mi. Ẹ foríjì mí. Wọ́n ti gba fáìlì ọmọ yín. Rìsíìtì náà wà níbi tí ẹ ní ó wà.” Mo fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé náà sí i.

Ó gbà á. Kò mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n ó mọ òǹtẹ̀. Ó wò ó pẹ́, ó ká a sí mẹ́rin, ó kì í bọ inú àpò tó wà lábẹ́ ìró rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi Faransé ọjà tó mọ̀ dá mi lóhùn: “Merci, monsieur.”

Mo dìde. N kò mọ ohun tí n óò fi ọwọ́ mi ṣe. Mo nawọ́ sí àńkárá aláwọ̀ aró kan, mo fi Yorùbá bèèrè pé èló ni yáàdì mẹ́fà. Ó fi Faransé pe iye tí wọ́n ń pè fún àlejò tí kò mọ ọjà. N kò ná an. Mo ka owó náà lé e lọ́wọ́, ó ká aṣọ sínú ọ̀rá fún mi, ó sì kọjú sí oníbàárà tó dúró lẹ́yìn mi.