Tẹ́ńtẹ́n Kò Fẹ́ Òǹwòran

Ní oṣù kẹwàá tó kọjá, níbi ayẹyẹ òmìnira tí ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín, a kó àwọn ọmọ wa sórí ìtàgé pé kí wọ́n wá ṣe eré òṣùpá fún wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko la ti fi kọ́ wọn. Àwọn òbí rán àdìrẹ fún wọn, a wé gèlè kékeré fún àwọn ọmọbìnrin, ẹnìkan tilẹ̀ gé páálí bí òṣùpá, ó kùn ún lẹ́fun, ó so ó mọ́ ògiri gbọ̀ngàn. Wọ́n ṣe bojúbojú. Wọ́n ṣe ẹkùn mẹ́ran. Gbogbo wa na fóònù sókè. Nígbà tí wọ́n parí, a pàtẹ́wọ́, a náwó fún wọn, wọ́n sì sáré lọ sídìí ìrẹsì.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tún ṣe eré kankan nínú àwọn eré yẹn. Mo mọ̀, nítorí pé mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn. N kò lè di ẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí ru ẹnikẹ́ni, nítorí èmi ni mo kọ́ wọn.

Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, ní agboolé kan tí iye ọmọ tó wà níbẹ̀ kò ṣeé kà, torí bí a ṣe ń ka tiwa lọ́wọ́ ni tàwọn aládùúgbò ń wọlé. N kò rántí ọjọ́ kan tí àgbà kan pè wá jókòó pé kí a wá kọ́ tẹ́ńtẹ́n. Àgbà wo ló tilẹ̀ mọ̀ ọ́n? Ọmọ àbúrò bàbá mi ló kọ́ mi, òun náà kò sì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Kì í ṣe pé ó kọ́ mi o, ó kàn lé mi kúrò nínú eré ni, ó ní ẹsẹ̀ mi ń pẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ kọjú sí ògiri ilé ìdáná, tí èmi àti ògiri jọ ń ṣe tẹ́ńtẹ́n, títí tí ìyá àgbà fi béèrè pé kí ló ń ṣe mí.

Ẹni tí kò bá ṣe é rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹni méjì á dojú kọ ara wọn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti pín in: bí ẹsẹ̀ wa bá pàdé, èmi ni mo jẹ, bí wọ́n bá yà, ìwọ lo jẹ. Wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa fò, orin á máa lọ lẹ́nu wọn, níbi tí orin bá sì ti já, oníkálùkù á na ẹsẹ̀ kan síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ mẹ́wàá ló borí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó bá dé ní ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn orin, ó ti pẹ́. Ọwọ́ ń ka nǹkan kan, ẹsẹ̀ ń ka òmíràn, ẹnu ń kọrin, ojú sì ń wo èjìká ẹni tó wà níwájú rẹ, bóyá yóò tú àṣírí ẹsẹ̀ tó fẹ́ nà.

Tẹ́ńtẹ́n tí mò ń ròyìn yìí, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń ka iye tí a jẹ. Gẹ̀ẹ́sì náà la fi ń kọ orin ọmọbìnrin tó jókòó sínú ọgbà, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ọgbà òdòdó kankan nínú agboolé wa, àfi ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ń da omi àwo sí. Nítorí náà, nígbà tí àwọn èèyàn wa níhìn-ín bá ń sọ pé kí a dá eré ìbílẹ̀ padà láìlábàwọ́n, ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Ohun tí ọmọdé bá rí nílẹ̀ ló ń fi ṣeré. Bó bá jẹ́ èédú ló rí, á fi fa ìlà súwè. Bó bá jẹ́ orin tíṣà ló gbọ́, á gbà á, á sì yí i títí tí tíṣà fúnra rẹ̀ kò fi ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Àmọ́ o, àwọn tó jẹ́ Yorùbá láti orí dé ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn yẹn ni mo sì ń ronú lé lórí jù lọ láti ìgbà tí ayẹyẹ náà ti parí. Ẹ wo bojúbojú. A bo ẹnìkan lójú, àwọn yòókù ń sá pamọ́, orin náà sì ń kìlọ̀ pé orò ń bọ̀. Àwa ọmọbìnrin ń kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ èyíkéyìí, láìronú pé ní ìlú púpọ̀, ọjọ́ tí orò bá jáde lóòótọ́, abẹ́lé ni gbogbo obìnrin yóò wà. Ṣé ìdánrawò ni eré yẹn fún wa? Ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú mi nísinsìnyí. Nígbà yẹn, ibi tí n ó sá sí kí wọ́n má baà rí mi ló ká mi lára. Ẹ tún wo ẹkùn mẹ́ran: agbo ọmọ tó di ọwọ́ ara wọn mú, ẹran wà láàárín, ẹkùn wà lẹ́yìn agbo tó ń wá ibi tí yóò gbà wọlé. Ẹnìkan ń lé orin, àwọn yòókù ń fi igbe ẹran gbè é. Elégbè tó bá sùn lọ, ọwọ́ rẹ̀ á dẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹkùn ń gbà wọlé. Kò sí ẹni tó nílò láti ṣàlàyé fún wa pé iṣẹ́ ni orin gbígbè.

Nínú eré wọ̀nyí ni ohùn Yorùbá ti wọ̀ wá lára. Orin ọmọdé Yorùbá kì í bá ọ̀rọ̀ jà: ibi tí ọ̀rọ̀ bá gòkè, orin á gòkè, ibi tó bá balẹ̀, orin á balẹ̀. Àwọn tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ìgbà àtijọ́ mọ òdìkejì rẹ̀ dáadáa. Ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá níbẹ̀, ohùn yẹn kò sì bìkítà bóyá igbá lo fẹ́ pè tàbí ìgbà. Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùùrù ní Kàtídírà tó wà ní Marina l'Ékòó, wà lára àwọn tó dìde sí ọ̀rọ̀ yìí; ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní 1953. Ohun tí ọ̀mọ̀wé fi ìwé ṣàlàyé, ọmọ ọdún márùn-ún ń fi ẹsẹ̀ lásán ṣe é nínú erùpẹ̀.

Orin tí a fi ń kọ́ ọmọ ní òǹkà tún kọjá bẹ́ẹ̀. Láti ení dé ẹ̀wá, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ló ń fa ọ̀rọ̀ tó bá a dún jáde, tí ọmọ kò fi ní lè gbàgbé. Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn tó ń pọfọ̀ ń lò, tí orúkọ nǹkan fi ń pe ìṣe nǹkan. Ọmọ kò mọ̀ pé ohun tí òun ń gbé lẹ́nu tó báyìí.

Ọmọbìnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín la bí i sí. Ó ń lọ sí kíláàsì Yorùbá tí ẹgbẹ́ wa ń ṣe ní àràárọ̀ Sátidé, ó sì lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ju bí èmi ṣe lè ṣe é lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan tí a fẹ́ jẹun, ó sọ fún mi pé òun fẹ́ lọ fọ ọ̀wọ̀ òun. Mo ní kó fọ̀ ọ́ dáadáa, nítorí pé ó ti ń dọ̀tí láti àárọ̀.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí mo fẹ́ sọ kó tó di pé mo gbàgbé. A rìn lọ sí etí omi ní Walthamstow lọ́jọ́ ìsinmi kan. Ẹyẹ funfun kan, ìbátan lékeléke, fò kọjá lórí wa. Kí n tó mọ̀, mo ti na ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ń ju ìka mi sí i, bí a ti máa ń ṣe nílé nígbà tí a bá ń bẹ lékeléke pé kó fún wa ní èékánná funfun. Obìnrin tó ti ń wọ ọdún márùn-dín-láàádọ́ta! Ọmọ mi wò mí, ó wo ẹyẹ, òun náà ju ìka tirẹ̀. N kò ṣàlàyé ohunkóhun. Ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó sáré wá láti ilé ìwẹ̀ pé kí n wá wò ó, funfun kékeré kan ti yọ sórí èékánná àtàǹpàkò òun. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo fi kọ́ wọn ní bojúbojú, kò sí ẹni tó sáré wá bá mi báyìí.

Iona Opie àti Peter ọkọ rẹ̀, tí wọ́n fi ayé wọn kó eré ọmọdé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ, ti rí ìdí rẹ̀ tipẹ́. Ìwé wọn tó jáde ní 1959 kó ọ̀rọ̀ ẹnu nǹkan bí 5,000 ọmọ iléèwé jọ. Ohun tó jẹ wọ́n lógún ni pé àwọn orin tí òbí ń kọ fún ọmọ lórí itan yàtọ̀ sí èyí tí ọmọ ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ní pápá iléèwé. Èyí àkọ́kọ́, àgbà ló ni ín. Èkejì, bí àgbà bá ti fọwọ́ kàn án, àwọn ọmọ á fi sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, Iona tẹ ìwé mìíràn jáde ní 1993, láti inú ohun tó fi ọdún mélòó kan gbọ́ ní pápá iléèwé kan ní Hampshire. Kì í ṣe pé ó lọ kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan. Ó lọ dúró, ó ń gbọ́.

Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà náà lè wo ìwé Kyra Gaunt tó jáde ní 2006, lórí eré tí àwọn ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ń ṣe: àtẹ́wọ́ lílù, okùn méjì fífò. Ó ní ibẹ̀ ni etí àti ara wọn ti ń kọ́ orin, kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní orin. N kò sọ pé Yorùbá ló kó o dé ibẹ̀ o. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń kà á, mo rí ògiri ilé ìdáná wa.

Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ wa ní kí a yọ àwọn orin ìyẹ̀yẹ́ kúrò bí a bá fẹ́ tún kọ́ àwọn ọmọ. Ó ní orin tí wọ́n fi ń tẹ̀lé atọ̀ọ́lé káàkiri àdúgbò, ìkà ni. Òótọ́ ni, ìkà ni, n kò sì ní mú un wá. Ọmọ tí wọ́n fi ṣe é lágboolé wa kò gbàgbé títí dòní.

Ṣùgbọ́n ohun tí a kò ní níhìn-ín kì í ṣe orin. Orin pọ̀ lórí YouTube. Ẹ̀gbọ́n tó fi ọdún mẹ́ta juni lọ, tó ní agídí, tó lè lé ọmọ kúrò nínú eré, òun ni a kò ní. Ọmọ méjì péré ló wà nínú fúláàtì, ọ̀kan ń wo tábúlẹ́ẹ̀tì, èkejì ń dúró de tirẹ̀. Kíláàsì ọjọ́ Sátidé wa sì ń gba wákàtí méjì, a sì ń fi gbogbo rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì. Àbá mi fún ìgbìmọ̀ ni pé kí a kó tábìlì kúrò fún wákàtí kan, kí a má ya àwọn ọmọ sọ́tọ̀ nípa ọjọ́ orí, kí àgbà méjì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n sì pa ẹnu mọ́. Mo mọ̀ pé apá ìkẹyìn yìí ló máa le jù fún wa.

Ibi tí mo ti rí àbá yìí nìyí. Ní oṣù kejì a lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Abẹ́òkúta, tí kò tíì mọ ẹnikẹ́ni. Mo jáde lọ mú kúlà nínú ọkọ̀, mo sì bá òun àti ọmọ mi níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, wọ́n dojú kọ ara wọn láàárín ọkọ̀ méjì, wọ́n ń fò nínú òtútù láìwọ kóòtù. Yorùbá ni wọ́n fi ń ka iye tí wọ́n jẹ. Ọmọ Abẹ́òkúta wà ní ẹ̀sán, tèmi wà ní ẹ̀jọ. Ẹsẹ̀ kan nà, wọn kò gbà fún ara wọn bóyá ó pàdé tàbí ó yà.

"Irọ́ ni!" ni ọmọ mi pariwo. "Òjóró! Ìwọ lo pẹ́!"

Irọ́, òkè ní ibi òkè. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti fa fóònù yọ nínú àpò kí n tó mọ̀. Ó yíjú wá pé kí n wá ṣe ẹlẹ́rìí, ó rí fóònù náà, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wọlé."

Mo gbé kúlà mi, mo wọlé.