Èbúté-Mẹ́ta, Àdúgbò Tí Iṣẹ́ Kọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Èmi kò bá ìgbà tí réluwè ń gbé gbogbo ẹrù Èkó, ṣùgbọ́n inú ilé tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni wọ́n bí mi sí. Baba tó bí bàbá mi àgbà ṣe lébìrà réluwè. Bàbá mi àgbà ṣiṣẹ́ ní Lókò. Bàbá mi ń la gẹdú ní Oko Baba. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ìtàn Èbúté-Mẹ́ta, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn mẹ́ta yìí tó láti fi tọ ipa rẹ̀.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé èbúté mẹ́ta tí wọ́n fi sọ àdúgbò náà lórúkọ ni Ìddó, Òtò àti Ọ̀yìngbò. Ní ọdún 1867, nígbà tí rògbòdìyàn Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, wọ́n lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere àti ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ jáde. Glover, tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta. Ìdí nìyí tí àwọn títì ibẹ̀ fi gún régé, tí wọ́n sì dábùú ara wọn bí ìlà inú ìwé ìṣirò. Wọ́n wọn ilẹ̀ náà kí wọ́n tó kọ́ ilé sí i.

Síbẹ̀, réluwè ló sọ ọ́ di àdúgbò òṣìṣẹ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà irin láti Èkó ní ọdún 1896 nítorí wọ́n fẹ́ kó ẹrù oko wá sí etí òkun. Nígbà tó fi di 1901, ọkọ̀ ojú irin ti ń rìn láti Ìddó dé Ìbàdàn. Ní 1912, ọ̀nà náà ti dé Kánò. Ọkọ̀ tó bá rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ á bàjẹ́, ibi tí wọ́n sì ti ń tún un ṣe ni ọgbà réluwè ní Èbúté-Mẹ́ta. Alágbẹ̀dẹ, káfíńtà, akunlé àti ẹni tó ń rọ irin, gbogbo wọn ló rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Wọ́n wá láti Ìjẹ̀bú, láti ilẹ̀ Ìgbò, láti Ẹdó àti láti òkè Ọya. Ibi tí òṣìṣẹ́ bá pọ̀ sí ni olóúnjẹ ń gbé ìkòkò lọ, ọjà Ọ̀yìngbò sì ń kún sí i.

Iṣẹ́ kọ́ àdúgbò wa ní ọgbọ́n mìíràn pẹ̀lú. Ní 1945, owó ọjà ti ga ju owó oṣù lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dáṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà fún ohun tó lé ní oṣù kan. Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ réluwè, wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n bí bàbá mi àgbà. Ìyá wọn sọ fún wọn pé gbèsè ẹ̀wà ni wọ́n fi ṣe ìkómọ wọn, nítorí owó oṣù kò wọlé. Mo ti ka ìtàn Imoudu nínú ìwé, ṣùgbọ́n gbèsè ẹ̀wà yẹn ló jẹ́ kí ó yé mi.

Nígbà tí bàbá àgbà wọ iṣẹ́ ní Lókò ní 1964, ẹ́ńjìnnì onídísù ti ń gba ipò lọ́wọ́ èyí tó ń jẹ èédú. Wọ́n ní òòlù kékeré kan. Wọ́n á fi kan kẹ̀kẹ́ irin tó wà lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n á tẹ́tí. Bí ìró rẹ̀ bá ń dún gbọnrangandan, ó dára. Bí ó bá dún bí ìkòkò tó sán, ọkọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ jáde. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọkọ̀ akẹ́rù orí títì gba ẹrù lọ́wọ́ réluwè, ìtọ́jú ọ̀nà irin dín kù, ariwo Lókò sì rọlẹ̀. Nígbà tí bàbá àgbà fẹ̀yìn tì, kò sí ọmọ iṣẹ́ kankan tí wọ́n fi òòlù náà lé lọ́wọ́.

Ní ti Oko Baba, omi ló gbé iṣẹ́ wá síbẹ̀. Wọ́n ń gé gẹdú nínú igbó Oǹdó àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n ń so wọ́n pọ̀, wọ́n sì ń wọ́ wọn gba orí ọ̀sà wá sí Èkó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń là wọ́n sí pákó. Ẹni tó bá gba orí Afárá Kẹta kọjá mọ èéfín ibẹ̀. Mi ò ní í parọ́ pé èéfín náà dára. Ó ń ta ènìyàn lójú, iná sì ti jó níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí lẹ́búlẹ́bú pákó ni wọ́n fi dí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ àbàtà náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ ibùdó ìlagi tuntun sí Àgbówà, lọ́nà ìhà Ẹ̀pẹ́, kí àwọn alágbàṣe pákó lè kó lọ síbẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ kí iṣẹ́ náà kúrò nínú ìgboro yé mi.

Bàbá mi bá ọ̀gá wọn lọ. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, Àgbówà ni wọ́n ń sùn. Ìyá mi, tí wọ́n ń se ìrẹsì fún àwọn apagi, kò sí ẹni tí wọ́n ń bù ú fún mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní alẹ́ Sátidé, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wà nílẹ̀: ṣé kí gbogbo wa kó lọ, àbí kí a dúró? A ti pinnu pé a ó dúró títí n ó fi ṣe ìdánwò WAEC tán. Ohun tó kàn lẹ́yìn náà kò tíì yé ẹnikẹ́ni nínú wa.

Bẹ́ẹ̀, àdúgbò náà ń dìde. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ojú irin Mobolaji Johnson ní Alágoméjì fún ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn. Ní 2024, ọkọ̀ ojú irin ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Agbádó àti Ọ̀yìngbò. Inú bàbá àgbà dùn nígbà tí mo mú wọn lọ wò ó. Wọ́n wo àwọn kẹ̀kẹ́ irin rẹ̀, wọ́n wá bi mí pé, "Ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Wọ́n máa ń sọ pé ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Òótọ́ ni, ọjà kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí ẹni náà ti jáde mọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá ń kúrò ní àdúgbò kan, ó yẹ kí a béèrè ibi tí òṣìṣẹ́ yóò máa sùn, ilé ìwé tí ọmọ rẹ̀ yóò lọ, àti ẹni tí yóò kọ́ ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ tuntun bá sì dé, kí àwọn ọmọ àdúgbò má jẹ́ èrò inú ọkọ̀ nìkan.

Ní tèmi, ẹ̀kọ́ ẹ́ńjìnnì ni mo fẹ́ kọ́ ní yunifásítì. Mo ti ra ìwé kan tí mo ń kọ ohun tí bàbá àgbà mọ̀ sí: orúkọ irinṣẹ́, irú ìró tó dára, irú èyí tó léwu. A ti dé ojú ewé kẹtàlélógún. Òòlù náà ti wà lọ́wọ́ mi.